Ìjókòó wo ló fúyẹ́ fún ọdẹ tí kì í dúró lójú kan?

Tíṣà Ìjùmú:
Ọ̀kún o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe, ọjọ́ ìsinmi ni mo máa ń wọ igbó. Èmi kì í kan ẹ̀gùn, ìyẹn ibùjókòó tí ọdẹ ń kàn sórí igi, torí n kò ní ibùba kan pàtó. Mo lè jókòó nítòsí igi ìyeyè ní ìdájí, kí n ṣí lọ sí etí odò bí oòrùn bá yọ, kí n tún wá parí ẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ oko ẹ̀gẹ́ kan tí wọ́n ti pa tì.

Gbòǹgbò àti òkúta ni àga mi láti ọjọ́ yìí. Òjò ti wá rin ilẹ̀ gbingbin báyìí, orúnkún ń ro mí, ìjàlọ ò sì mọ̀ pé tíṣà ni mí. Mo ti rí oríṣi mẹ́ta: àga onífẹ̀yìntì tó ní apá, tí wọ́n ń ká sínú àpò gígùn, àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ojú rẹ̀ jẹ́ aṣọ, àti ìjókòó onígbànú tí àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà fi ń so ara wọn mọ́ igi. Ìbọn, àdá, omi àti àpò ti wà lára mi, torí náà n kò fẹ́ ohun tó bá ju kílò méjì lọ. Ẹni tó ti lò ó ni kó bá mi sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́.

Ọdẹ Búnú:
Ọ̀kún, Tíṣà. Fi onífẹ̀yìntì sílẹ̀ fún àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù. Ìdí èèyàn máa ń rì sínú ẹ̀ ni. Bí ẹtu bá yọ lápá òsì, apá àga á há ọ ní ìgbọ̀nwọ́, ìdí ìbọn á lọ gbá irin. Kí o tó tiraka dìde, ẹtu ti dé Kábà. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni kí o mú. Ilẹ̀ ibi tí à ń lọ ò tẹ́jú: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á máa mì, torí ẹsẹ̀ kan á ṣáà fò lókè, ṣùgbọ́n mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á kan ilẹ̀ níbikíbi tí o bá gbé e sí.

Ìyàwó Ọdẹ, Ìsánlú:
Ṣé ẹ ò fẹ́ náwó púpọ̀? Fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì ni ọkọ mi gé sí ìwọ̀n ìdí ara rẹ̀, ó lu ihò méjì sí i, ó fi okùn dè é mọ́ bẹ́líìtì lẹ́yìn. Ó ń rìn, ó ń lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ò tó nǹkan, kì í sì í dún. Ẹ má lo fóòmù bẹ́ẹ̀dì o, omi ni yóò mu.

Ọdẹ Búnú:
Ìyàwó wa, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n orúnkún ni ọkùnrin yìí ń sunkún lé lórí. Ṣé dídìde láti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sàn fún orúnkún ju gígun òkè lọ ni? Paramọ́lẹ̀ náà sì fẹ́ràn ewé tó jẹrà. Ẹni tó bá máa jókòó nílẹ̀, kó kọ́kọ́ fi ọ̀pá tú ibẹ̀ wò.

Wẹ́dà Kábà:
Èmi ń ṣe àpótí yìí fún àwọn ọdẹ, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí wàhálà wà. Èèyàn á béèrè bóyá ó fúyẹ́, kò ní béèrè bóyá ó ń dún. Ariwo ló ń lé ẹran. Ibi tí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé ni ariwo ti ń wá: irin ń ha irin. Mo máa ń fi rọ́bà táyà inú sáàárín wọn kí n tó de bóòtì.

Páìpù alumíníọ̀mù ni kí o lò. Onírin lágbára, àmọ́ bí o bá fi máa gbé e dé odò kejì, èjìká rẹ á sọ fún ọ. Iná wẹ́dà tiwa kì í mú alumíníọ̀mù dáadáa, bóòtì àti nọ́ọ̀tì ni à ń fi dè é. Ojú rẹ̀, kanfáàsì ni. Tapólì ń dún wàràwàrà bí èèyàn bá yí ìdí. Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa ń kọ́kọ́ ya, torí náà kí aránbàtà fi bẹ́líìtì ìjókòó mọ́tò àtijọ́ rán an ní ìlọ́po méjì.

Tó bá kan ẹsẹ̀: páìpù tó rí ṣóńṣó á wọ ilẹ̀ òjò ṣinṣin, wàá sì rí ara rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Gé rọ́bà sílípáàsì ní róbótó, kó fẹ̀ tó ìka mẹ́rin, kí o kàn án sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò ní rì, kò sì ní dún lórí òkúta.

Gíga rẹ̀ ló ń pa orúnkún. Àpótí kúkúrú tí wọ́n ń tà lọ́jà, tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 25 sí 30, máa ń gbé orúnkún ga ju ìdí lọ, ẹsẹ̀ á kú. Wọn ilẹ̀ dé kòtò ẹ̀yìn orúnkún rẹ. Fún àgbàlagbà púpọ̀, ó máa ń tó 40 sí 45. Kanfáàsì máa ń lọ sílẹ̀ díẹ̀ bí èèyàn bá jókòó, nítorí náà fi díẹ̀ kún un.

Tíṣà Ìjùmú:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá fẹ́ ra ti ọjà ńkọ́?

Wẹ́dà Kábà:
Rà á, n kò bínú. Jókòó lé e níwájú ẹni tó ń tà á, di ojú, yí sọ́tùn-ún, yí sósì. Ohun tí etí rẹ bá gbọ́, ẹran á gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yẹ oríkèé rẹ̀ wò: bó bá jẹ́ ike, oòrùn á là á. Bí wọ́n bá kọ kílò 100 sí i, rántí pé ìwọ, ìbọn àti àpò ni yóò jọ gbé.

Ọmọ Yàgbà lókè òkun:
Ti onígbànú yẹn, mo ti bá àwọn èèyàn níbí tí wọ́n ń lò ó, àwọn ọlọ́fà pàápàá. Ìgbànú nìkan kọ́ o. Ó ní okùn tí wọ́n ń so mọ́ igi lókè orí, pátákó kékeré tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, àti àkàsọ̀ tí wọ́n pín sí ègé kéékèèké. Kó gbogbo ẹ̀ jọ, ó ti kọjá kílò méjì rẹ. Ẹni tó bá mọ igbà adẹ́mu mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́, àmọ́ láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń so ara wọn, nítorí ìṣubú láti orí igi ń ṣe àwọn ọdẹ níbí léṣe gan-an. Jọ̀ọ́, má fi okùn ewúrẹ́ dán an wò nílé.

Bàbá Ọdẹ:
Ẹ ti sọ̀rọ̀ àga tó. Afẹ́fẹ́ ńkọ́? Bó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ lọ síwájú, ìjókòó ọba ò ní ràn ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì, yọ ọta kúrò nínú ìbọn kí o tó ṣí àpótí. Ọwọ́ méjèèjì ni o máa lò, ìbọn á wà lórí igi tàbí lórí ilẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àsìkò yìí le. Sọ fún olórí ọdẹ àti àwọn fijilanté ibi tí o máa wà, torí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ nínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ọdẹ ni.

Tíṣà Ìjùmú:
Mo gbọ́, Bàbá. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, alumíníọ̀mù, rọ́bà lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wẹ́dà, ṣé Sátidé dára?

Wẹ́dà Kábà:
Ó dára. Wọ bàtà igbó rẹ wá kí n lè wọn ẹsẹ̀ rẹ bó ṣe máa wà gan-an. Ra kanfáàsì bọ̀ lọ́nà, ti ọwọ́ mi ti tán.