Báwo ni a ṣe ń fi àwọ̀ ara ya Dicyrtomina saundersi sọ́tọ̀ kúrò lára ornata?

Olùbéèrè:
Ẹ̀yin onímọ̀ nípa kòkòrò, mo kí yín o. Mo ya àwòrán Collembola mẹ́rin lábẹ́ ewé tí ó ti ń jẹrà, ìyẹn àwọn kòkòrò kéékèèké tí wọ́n ká ìrù bí amúga sábẹ́ ikùn, tí wọ́n sì ń fi í ta ara wọn sókè bí a bá fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n rí roboto, gígùn wọn kò ju mìlímítà 3 lọ, ara wọn ní àwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú ìlà búráùn lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dá mi lójú pé àwùjọ Dicyrtomina ni wọ́n, àmọ́ n kò mọ̀ bóyá ẹ̀yà saundersi ni tàbí ẹ̀yà ornata, nítorí pé ìlà ẹ̀gbẹ́ àwọn méjèèjì jọra lójú mi. Ibo ni kí n máa wò?

Èsì kìíní:
Ìdí wọn ni kí ẹ wò. Ìlà ẹ̀gbẹ́ máa ń yàtọ̀ láti ara kòkòrò kan sí òmíràn, kódà nínú ẹ̀yà kan náà, nítorí náà kò lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Níbi tí ikùn ti parí, lókè, ornata ní àbàwọ́n dúdú kan tí ó dì mọ́ra, bí ìgbà tí tàdáwà kán sí bébà. Ti saundersi ní àlàfo, ìlà tín-ín-rín sì yọ láti àárín rẹ̀ sí ọ̀tún àti òsì bí eyín ìyàrun. Àwòrán ẹ̀gbẹ́ kì í sábà fi èyí hàn.

Èsì kejì:
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún àwọn ọmọ wọn. Àwọ̀ wọn kò tíì hàn dáadáa, bí wọ́n sì ti ń bọ́ awọ ni àmì náà ń yọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ́n pamọ́ sínú ọtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán wọn láàyè, torí pé ọtí máa ń fa àwọ̀ yọ.

Èsì kẹta:
Kí ẹ má sì lo ọ̀nà yìí fún àwọn Collembola tí ara wọn ní ìpẹ́, irú bíi Tomocerus. Bí ìpẹ́ náà bá ti gbọ̀n dànù, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, a ó sì máa pe kòkòrò kan náà ní méjì.

Olùbéèrè:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti tún wọn wò: àwòrán méjì fi ìdí hàn, eyín ìyàrun sì hàn gbangba lára méjèèjì, nítorí náà mo kọ saundersi sí wọn. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ni ìkẹta fi hàn, ìkẹrin sì jẹ́ ọmọ kékeré. Dicyrtomina nìkan ni mo kọ sí ìwọ̀nyẹn.