Ìrù hẹlikópítà onírímóòtù ń gbọ̀n: ṣé ṣáàfù ni àbí bíárìn?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ hẹlikópítà onírímóòtù tún ṣe, ẹ gbà mí. Irú tí wọ́n ń pè ní ìwọ̀n 450 ni, bíléèdì òkè rẹ̀ gùn ní 325 mm, bátìrì LiPo 3S (onísẹ́ẹ̀lì mẹ́ta) ló ń lò, bẹ́líìtì ló sì ń yí ìrù. Lẹ́yìn tó já lulẹ̀, mo pààrọ̀ main shaft (ọ̀pá tó ń yí bíléèdì òkè), feathering shaft (ọ̀pá kékeré tó di bíléèdì òkè méjèèjì mú) àti bíléèdì òkè méjèèjì. Àmọ́ tó bá ti dúró lójú kan lófuurufú báyìí, ìrù á máa gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì, débi pé etí tail fin (pátákó pẹlẹbẹ ìdí ìrù) á ṣe bàìbàì lójú.

Mo dín gain gyro (agbára tí ẹ̀rọ tó ń mú ìrù dúró ṣinṣin fi ń ṣàtúnṣe) kù láti 40 sí 25. Gbígbọ̀n náà ò lọ, ńṣe ni ìrù wá ń rìn gbéregbère. Mo tú ọ̀pá tó ń darí bíléèdì ìrù kúrò lára servo (mọ́tò kékeré tó ń tì í), mo fi ìka tì í lọ tì í bọ̀, kò há níbì kankan. Mo yí main shaft lórí dígí, kò wọ́. Tracking náà dáa (bíléèdì òkè méjèèjì ń yí ní gíga kan náà).

Èyí tó rú mi lójú jù nìyí: mo yọ bíléèdì òkè, mo tan mọ́tò, ó ṣì ń gbọ̀n. Mo wá yọ bíléèdì ìrù náà, gbígbọ̀n parẹ́ pátápátá. Bẹ́ẹ̀ mo ti wọn bíléèdì ìrù méjèèjì, wọ́n dọ́gba.

Ṣé ṣáàfù ìrù ló wọ́ díẹ̀, àbí bíárìn inú tail hub (ibi tí bíléèdì ìrù so mọ́) ló ti bàjẹ́? Báwo ni mo ṣe lè mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì kí n tó pààrọ̀ ohunkóhun?