Orin ojú ìwé méjì ti di mẹ́ta nínú LilyPond, ẹ gbà mí o

TénọÌbàdàn: Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará. Orin ìyìn kan ni mo ń fi LilyPond (ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń tẹ orin) tẹ̀ fún kọ́yà wa, SATB (ohùn mẹ́rin: sopránò, áltò, ténọ̀, báàsì), ẹsẹ mẹ́rin, ojú ìwé méjì ló yẹ kó gbà, àfi bí ìlà kan ṣoṣo ṣe yọ sí ojú ìwé kẹta tó dá dúró lókè níbẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n gbàgbé sílé ìwé. Mo dín set-global-staff-size (ìwọ̀n ìlà orin, ìyẹn stáàfù) kù láti 20 sí 16, ó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn bàbá báàsì ní àwọn ò rí nǹkan kan kà. Ibi tí "ìgbàgbọ́" bá tún wà báyìí, báà (ìpín kan nínú ìlà orin) yẹn á fẹ̀ bíi pápá, èyí tó tẹ̀ lé e á wá há. Àmì ohùn ńkọ́? Orí à àti é ó dáa, tó bá ti kan ẹ̀ tàbí ọ́, ẹ̀gbẹ́ ni àmì máa ń bọ́ sí. Sunday la fẹ́ kọ ọ́ o.

ÌyáÁltò: 16 ti kéré jù fún ẹni tó ń lo awò ojú jàre. Gbé e sí 18, kó o fi page-count = #2 sínú \paper (ibi tí ètò bébà wà nínú fáìlì), òun fúnra rẹ̀ á wá bó ṣe máa pín àwọn ìlà. Tó bá ṣì há, basic-distance inú system-system-spacing (àyè àárín ìlà kan sí èkejì), 12 ló wà látilẹ̀, fi sí 9 kó o wò ó. Àmọ́ ẹsẹ mẹ́rin lábẹ́ nóòtì yẹn gan-an ló ń jẹ àyè! Fi 1 àti 2 síbẹ̀, kó 3 àti 4 lọ sísàlẹ̀ bí ewì pẹ̀lú \markup (àṣẹ fún ọ̀rọ̀ lásán). Àwọn kan máa kùn, wọ́n máa mọ̀ ọ́n lórí kó tó di Sunday.

ỌmọỌ̀gáDùùrù: Báwo lo ṣe pín "ìgbàgbọ́" yẹn ná?

TénọÌbàdàn: ìg -- bàg -- bọ́

ỌmọỌ̀gáDùùrù: Mo mọ̀! Ta ló ń pe "ìg" ní Yorùbá? gb kì í pínyà, ì -- gbà -- gbọ́ ni. O ti kó g dání fún sílébù méjì tí kò nílò ẹ̀, ó lè jẹ́ ìyẹn ló ń ti nóòtì síta. Tó bá sì jẹ́ sílébù méjì ni wọ́n ń kọ pa pọ̀ lórí nóòtì kan, fi ~ sáàárín wọn, á fa ìlà kékeré tó so wọ́n pọ̀. Ti àmì ohùn, fọ́ǹtì ni. Unicode (ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà lórí kọ̀ǹpútà) ní kóòdù kan fún à, ó ní fún é, kò ní ẹyọ kan fún ẹ̀, lẹ́tà lọ́tọ̀ àmì lọ́tọ̀ ni, fọ́ǹtì ló sì máa gbé e lé e lórí, tí fọ́ǹtì ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ohun tó o rí yẹn nìyẹn. Lo fọ́ǹtì Charis SIL, kọ ọ́ báyìí:

\layout { \context { \Lyrics \override LyricText.font-name = "Charis SIL" } }

AráHouston: MuseScore (ètò ìtẹ orin mìíràn) ni èmi ń lò ní tèmi, máúsì ni mo fi ń fa nǹkan kiri tẹ́lẹ̀, mo fa dynamics (àmì ìkọrin sókè tàbí jẹ́jẹ́), mo fa ọ̀rọ̀ orin, ìgbà tí mo wá yí ìwọ̀n stáàfù padà gbogbo ẹ̀ dàrú, Ctrl+R ni mo fi tún un ṣe, alẹ́ ọjọ́ kan gbáko ló ṣòfò. Torí náà, TénọÌbàdàn, parí ọ̀rọ̀ àti nóòtì ná, ìwọ̀n stáàfù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà lo tó máa fọwọ́ kan \break (àṣẹ tó ń gé ìlà). Ẹ má gbàgbé bébà náà o. Letter ni ti Amẹ́ríkà níbí, ó kúrú ju A4 lọ, mo fi ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́sí, ẹni tó pírínt ẹ̀ tẹ "fit to page", orin bá kéré.

TénọÌbàdàn: Ó ti wọlé! 18, ojú ìwé méjì, báà tó fẹ̀ yẹn ti padà sípò, àmì ẹ̀ wà lórí ẹ̀. Ẹ ṣeun púpọ̀. Àwọn ténọ̀ wá ní kí n fi sol-fa sábẹ́ nóòtì kọ̀ọ̀kan báyìí.

ÌyáÁltò: Háà. Kú àbọ̀ sí ojú ìwé mẹ́ta.