Count von Count: Olóyè Òǹkà lèmi fara mọ́ o

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo ti ka gbogbo àríyànjiyàn yín lórí orúkọ Yorùbá tó yẹ Count von Count, ọmọlangidi tó fẹ́ràn kíka iye nǹkan nínú Sesame Street, ètò tẹlifíṣọ̀n àwọn ọmọdé Amẹ́ríkà tá a fẹ́ túmọ̀ sí Yorùbá, ẹnìkan ní ká pè é ní Káúntì, ẹlòmíì ní Akanǹkan, ẹnìkan tún ní Olóyè Òǹkà. Olóyè Òǹkà lèmi mú.

Láti 1972 ni bàbá yẹn ti ń ka àdán, Jerry Nelson ló kọ́kọ́ ń fọhùn fún un, adùn orúkọ ẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì sì ni pé ọ̀rọ̀ kan náà, "count", ni wọ́n fi ń pe oyè kan nílẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n tún fi ń pe kíka iye nǹkan. Ọmọ tó bá gbọ́ Káúntì, kò gbọ́ oyè kò sì gbọ́ kíkà. Akanǹkan dáa, àmọ́ oyè ò sí níbẹ̀. Òǹkà ńkọ́? Nọ́ńbà fúnra ẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀, ó sì tún dún bí òǹtajà àti òǹkọ̀wé, ọmọ á gbọ́ ẹni tó ń ka nǹkan níbẹ̀, Olóyè á wá gbé oyè ẹ̀ lé e lórí.

Èyí tí mi ò lè gbà ni pé ẹnìkan ní nọ́ńbà ibẹ̀ ò le, ká ṣáà ti fi méjì, mẹ́ta dí i. Rárá o! Nígbà tí mo wà lọ́mọdé n'Íbàdàn, ẹ̀gbọ́n màmá mi tó wà l'Amẹ́ríkà máa ń fi kásẹ́ẹ̀tì fídíò Sesame Street ránṣẹ́ sí wa, alákàrà òyìnbó kan wà níbẹ̀ tó máa ń dúró lókè àtẹ̀gùn, á pariwo iye kéèkì tó gbé dání, ohùn Jim Henson, ẹni tó dá àwọn ọmọlangidi ètò náà sílẹ̀, sì ni, kó tó ṣubú yakata pẹ̀lú gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ tó gbé kéèkì ṣokoléètì mẹ́wàá, mo pariwo "ẹ̀wá kéèkì!", màmá mi fi ẹ̀fọ́ tó ń já sílẹ̀, ó ní "kéèkì mẹ́wàá ni, ẹ̀wá lo fi ń kà á, mẹ́wàá lo fi ń sọ iye ẹ̀." Mi ò gbàgbé ẹ̀ dòní.

Torí náà, ti alákàrà, mẹ́wàá ni. Ti Olóyè Òǹkà, méjèèjì ló máa lò: "Ení! Àdán kan! Èjì! Àdán méjì!" Àmọ́ orin Sesame Street nípa bọ́ọ̀lù inú ẹ̀rọ ìṣeré pinball, tí àwọn Pointer Sisters, ẹgbẹ́ akọrin obìnrin Amẹ́ríkà, kọ lọ́dún 1977, tó ń ka nọ́ńbà dé 12, ení èjì nìkan ló bá a mu. Ẹ fọwọ́ lu tábìlì kẹ́ ẹ gbọ́: ení èjì ẹ̀ta ẹ̀rin àrún, ẹ̀fà èje ẹ̀jọ ẹ̀sán ẹ̀wá, gbogbo wọn ló jẹ́ ìró méjì méjì, kò sí èyí tó fà ju ìkejì lọ. Ẹ wá fi márùn-ún àti mẹ́sàn-án dán an wò, ẹ máa rí i pé ìlù á já yín sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀kànlá.