Ẹ̀yin tí ẹ ní àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde (sickle cell), báwo lẹ ṣe ń rí iṣẹ́ ṣe?

Ìyá Télọ̀
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. SS ni mí, ìyẹn ni pé mo ní àìsàn náà, Ìbàdàn ni mo ti ń ránṣọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, oníbàárà kan wá kó aṣọ rẹ̀ tí mi ò tíì rán tán, ó ní ojoojúmọ́ ni ara mi kì í yá. Bẹ́ẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún mi ló wú, ìka mi ò wọ ojú sísọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin yòókù ńkọ́? Ẹ sọ tiyín, kí n mọ̀ pé èmi nìkan kọ́.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀
Ẹ kú ìrọ́jú, mà. Èmi ò sọ fún ẹnikẹ́ni níbi iṣẹ́. Ọdún méjì ó lé ni mo lò ní ilé-iṣẹ́ kan l'Ékòó, abẹ́ éèsì gan-an ni wọ́n gbé tábìlì mi sí. Mo máa ń wọ síńgílẹ́ẹ̀tì méjì sábẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó yá, mo gé páálí bísíkíìtì, mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu éèsì náà kí atẹ́gùn rẹ̀ lè yà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹnì kan á yọ ọ́ lọ́sàn-án, èmi á tún un lẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mi ò mọ ẹni náà, mi ò sì bi wọ́n, torí wọ́n á ní kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ọjọ́ tí àṣírí tú, ìpàdé là ń ṣe. Ìrora náà bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó sọ̀ kalẹ̀ sí itan, bí ìgbà tí wọ́n ń fi òòlù gbá egungun mi láti inú. Ọ̀gá bi mí ní ọ̀rọ̀ kan, mo la ẹnu, ohùn ò jáde. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Ìgbà tí mo padà, kúérì ni mo bá lórí tábìlì: kí ló dé tí mi ò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù? Kí oṣù kejì tó parí, wọ́n ní kí n máa lọ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Ọ̀rọ̀ páálí yẹn gbomi lójú mi.

Tísà Ọ̀yọ́
Ẹ má bínú o, sísọ ló dáa. Ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ ni mo ti sọ fún ọ̀gá ilé-ìwé wa. Mi ò bá wọn dúró níta láàárọ̀ nígbà ọyẹ́, ike omi mi sì máa ń wà lórí tábìlì.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀
Tísà, ọ̀gá yín láàánú ni. Èmi náà sọ níbi tí mo tún lọ wáṣẹ́. Wọ́n ní àwọn á pè mí. Mo ṣì ń retí.

Onítẹ̀wé
Ẹ jẹ́ n sọ tinú mi. Òṣìṣẹ́ mẹ́ta péré ni mo ní, ọ̀kan ní àìsàn yìí. Bí kò bá wá fún ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ oníṣẹ́ á dúró, mo ṣì máa sanwó oṣù. Mi ò lé e, ṣùgbọ́n ó wúwo. Nígbà mìíràn ọkàn mi máa ń ṣe iyèméjì, torí lọ́jọ́ Ajé ó ń ké, tó bá di Ọjọ́rú, ó ti ń rẹ́rìn-ín.

Ìyá Télọ̀
Ọ̀gá, ohun tó jẹ́ kí àwọn bàbá wa pè é ní fòníkú-fọ̀ladìde nìyẹn.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Òótọ́ ni, ìyá. Hóró ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí roboto ló ń tẹ̀ bí dòjé, tó ń dí ojú iṣan. Tẹlòmíràn ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ nínú ara, ti àwọn tó ní àìsàn yìí kì í ju 10 sí 20 lọ. Ìyẹn ló ń jẹ́ kó máa rẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ tí ibì kankan ò dùn wọ́n. Onítẹ̀wé, ẹ gbé ìjókòó ọmọ yẹn kúrò nídìí fáànù, kí omi sì máa wà nítòsí rẹ̀.

Alágbo Òdodo
Àgbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tajà níbí.

Kọ́pà Tẹ́lẹ̀
Plateau ni wọ́n pín mi sí nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń fọn fèrè, òtútù ibẹ̀ kì í ṣeré. Ọjọ́ kẹta ni mo ṣubú. Ìwé dókítà ni wọ́n wò kí wọ́n tó dá mi padà sí Ọ̀ṣun. Ẹ̀yin tó ń bọ̀, ẹ mú ìwé yín dání o.

Amòfin Àdúgbò
Òfin iṣẹ́ wa ní òṣìṣẹ́ tí dókítà bá kọ̀wé fún lè gba owó rẹ̀ fún ọjọ́ iṣẹ́ 12 lọ́dún.

Akọ̀wé Tẹ́lẹ̀
Méjìlá? Kíráísìsì kan ṣoṣo, ìyẹn ìgbà tí ìrora bá gbé ni dè, ti gba mẹ́sàn-án lọ́wọ́ mi!

Ará London
Òfin tó jáde níbí ní 2010 ló jẹ́ kí n lè ní kí wọ́n tún iṣẹ́ mi tò. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni mo ń ṣiṣẹ́ nílé. Àmọ́ àpò mi ni mo ti ń sanwó oògùn. Alátọ̀gbẹ tó ń lo oògùn kì í san, àwa ń san.

Ọmọ Ìjẹ̀bú
Iṣẹ́ nílé kẹ̀? Iná ńkọ́?

Bàbá Ìbejì
Àwọn òbí ló yẹ ká bá wí. Kí ló dé tí AS, ẹni tó gbé e sínú ẹ̀jẹ̀ láìṣàìsàn, á fi fẹ́ AS?

Ìyá Télọ̀
Bàbá, ẹ má bú ìyá mi. Wọn ò mọ jẹ́nótáìpù rárá nígbà tí wọ́n bí mi. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà láti Ẹ̀rúwà títí dé ọ̀dọ̀ dókítà.

Bàbá Ìbejì
Ẹ foríjì mí, mà. Ara mi ni mò ń bá wí. AS ni èmi àti ìyàwó mi. Wọ́n ní ọ̀kan nínú mẹ́rin ló lè jẹ́ SS, àwọn ìbejì yè é, Ìdòwú ló bọ́ sí i. Ó ti pé ọdún 16, ó ní iṣẹ́ wẹ́dà lòun fẹ́ kọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé kó má kọ́ ọ.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ooru iná yẹn á gba omi ara rẹ̀, bàbá. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, kó fúnra rẹ̀ béèrè.

Ìyá Télọ̀
Máṣíìnì kejì wà ní ṣọ́ọ̀bù mi, kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ bi í bóyá ó fẹ́ wá wò ó.

Bàbá Ìbejì
Mo ti bi í. Ó ní ṣé ẹ máa ń rán aṣọ ọkùnrin?

Ìyá Télọ̀
Bùbá, ṣòkòtò, agbádá. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ mi tó wú fà díẹ̀ sí i ná. Tó bá ń bọ̀, kó mú oògùn fólíkì rẹ̀ dání.