VPN wo ló dáa láti fi rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Ẹ dákun, kíákíá ni o

ọmọ_mókọ̀lá: Ẹ̀yin ará, ẹ kú alẹ́ o. VPN wo ló dáa tí wọn ò fi ní jí nọ́ńbà káàdì mi? Ọjà kan wà tí mo fẹ́ rà, ẹ̀dínwó ẹ̀ á parí ní aago méjìlá òru òní. Wáífáì òtẹ́ẹ̀lì ni mo ń lò. Ẹ má jẹ́ ó pẹ́.

ìyá_ìbejì: Kí lẹ fẹ́ rà? Níbo ni wọ́n ti ń tà á?

fóònù_ìkẹjà: Ọ̀gá mi, ohun tí ẹ ń bẹ̀rù yẹn kì í ṣe iṣẹ́ VPN. VPN máa ń di gbogbo ohun tó bá ń jáde lórí fóònù yín kí ẹlòmíì má lè kà á, títí á fi dé orí ẹ̀rọ àwọn tó ni VPN náà. Iṣẹ́ ẹ̀ parí síbẹ̀. Àwọn tó ni wáífáì òtẹ́ẹ̀lì ò ní mọ ìkànnì tí ẹ lọ, ìyẹn jóòótọ́. Àmọ́ tí àdírẹ́sì ìkànnì yẹn bá ti ní https níwájú, nọ́ńbà káàdì yín ti wà ní dídì kó tó kúrò lórí fóònù, VPN ì báà wà, ì báà má sí. Orúkọ, àdírẹ́sì ilé àti nọ́ńbà fóònù tí ẹ bá sì fọwọ́ ara yín tẹ̀ fún ọlọ́jà, ó ti di tiẹ̀ nìyẹn.

àdùkẹ́_ẹlẹ́ja: Àlàyé ti pọ̀ jù. Ẹ gbé èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ sórí fóònù yín. Èyí tí mo lò nígbà tí ìjọba ti Twitter pa ní 2021 ló ṣì wà lórí tèmi dòní, kò já mi kulẹ̀ rí.

alájé_ṣómólú: Ọ̀fẹ́ kẹ̀! Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Fìríìjì ni mo fẹ́ rà fún ìyá mi kí ọdún tó dé. VPN wà ní títàn o, kọ́kọ́rọ́ kékeré yẹn ń hàn lókè fóònù. Mo tẹ ìpolówó kan, ojú ewé tó ṣí, àwọ̀ kan náà, àmì kan náà pẹ̀lú ti ṣọ́ọ̀bù tí mo mọ̀. Mo tẹ nọ́ńbà káàdì, mo tẹ mẹ́ta tó wà lẹ́yìn ẹ̀. Wọ́n ní kí n tẹ OTP, nọ́ńbà tí báńkì fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, mo tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní kò wọlé, kí n tẹ òmíràn, mo tún tẹ̀ ẹ́. Alẹ́ẹ̀tì wọlé lọ́tùn-ún lósì: ₦180,000, ₦180,000. Mo pe báńkì, orin ni wọ́n ń kọ sí mi létí títí owó ìpè fi tán. Nígbà tí ọmọbìnrin kan máa gbé e, ó ní, “Màdámù, ẹ̀yin lẹ tẹ OTP.” VPN tí wọ́n ní ó ń dáàbò boni ń wò mí níran!

ìyá_ìbejì: Yéè! Ẹ pẹ̀lẹ́ o, màmá. Báńkì wo ni?

alájé_ṣómólú: Mi ò ní dárúkọ wọn níbí. Ẹjọ́ ṣì wà ńlẹ̀.

àjàní_òṣogbo: Wọ́n ṣe irú ẹ̀ fún àbúrò ìyàwó mi náà. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ gbé e lọ sí báńkì fúnra yín, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí ẹ máa mú dání. Tí wọn ò bá dá yín lóhùn, ó kan CBN nìyẹn.

fóònù_ìkẹjà: Ẹ má bínú, màmá, VPN kọ́ ló jẹ owó yín. Ayédèrú ìkànnì ni. VPN á bò yín lójú lọ́nà dé ilé ẹni ire, á sì bò yín lójú lọ́nà dé ilé olè.

alájé_ṣómólú: Ṣé òmùgọ̀ lẹ ń pè mí ni?

fóònù_ìkẹjà: Èmi? Mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o.

àjàní_òṣogbo: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ máa fi sùúrù sọ ọ́. Owó ló sọnù lọ́wọ́ èèyàn.

fóònù_ìkẹjà: Ó dáa. Àmọ́ lórí ọ̀fẹ́, màmá jàre. Facebook fúnra wọn pín VPN kan lọ́fẹ̀ẹ́ tẹ́lẹ̀, Onavo Protect, wọ́n ní ó ń dáàbò bo dátà. Òun gan-an ló ń kó ohun táwọn èèyàn ń ṣe lórí fóònù wọn fún Facebook. Ó kúrò lórí iPhone ní 2018 nígbà tí Apple fárígá, nígbà tó sì di 2023, ilé ẹjọ́ ní Ọsirélíà ní kí iléeṣẹ́ méjì tó wà lábẹ́ Facebook san 20 mílíọ̀nù dọ́là tiwọn. Àdùkẹ́, ta ló ni èyí tó wà lórí fóònù yín?

àdùkẹ́_ẹlẹ́ja: Kí ni wọ́n fẹ́ rí lórí fóònù mi? Ẹja?

ọmọ_peckham: Credit card ni kẹ́ ẹ lò. Níbí ní London, tí ọjà bá ti ju £100 lọ, tí kò sì ju £30,000, tí ọlọ́jà bá ṣe yín báṣubàṣu, ẹ lè gba owó yín lọ́wọ́ àwọn tó fún yín ní káàdì. Òfin 1974 ni, Section 75.

ìyá_ìbejì: Bọ̀ọ̀dá Peckham, Ìbàdàn lẹni yìí wà.

tíṣà_abẹ́òkúta: Ṣé òótọ́ ni pé tí èèyàn bá fi VPN sí orílẹ̀-èdè míì, owó tíkẹ́ẹ̀tì bàálù máa ń wálẹ̀?

fóònù_ìkẹjà: Ẹ̀gbọ́n, ìbéèrè mìíràn nìyẹn. Ọmọ Mókọ̀lá, ẹ gbọ́. Ẹ pa wáífáì, ẹ lo dátà yín. Ẹ tẹ àdírẹ́sì ìkànnì náà fúnra yín, ẹ má gba orí ìpolówó lọ. Ẹ fi káàdì àkáǹtì tí owó ọjà nìkan wà níbẹ̀ sanwó, má fi ti owó oṣù. Tí wọ́n bá gbà kí ẹ sanwó nígbà tí ọjà bá dé, ó parí. VPN tiẹ̀ lè dá kún wàhálà yín: tó bá fi yín hàn ní Jámánì, báńkì lè fura kó má gbà.

alájé_ṣómólú: Ẹ má rà á rárá. Ẹ lọ sí Dùgbẹ̀.

ọmọ_mókọ̀lá: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti rà á o. VPN ọ̀fẹ́ kan, bí Àdùkẹ́ ṣe sọ, ni mo gbé sórí fóònù, ó fi mí hàn ní Netherlands, káàdì mi kọ̀. Mo bá pa á, mo gba káàdì owó oṣù ìyàwó mi lórí fóònù, òun ni mo fi sanwó. Ó wọlé. Pampers ni.

fóònù_ìkẹjà: Lórí wáífáì òtẹ́ẹ̀lì yẹn náà?

ọmọ_mókọ̀lá: Dátà mi ti tán.

ìyá_ìbejì: Pampers eélòó? Ṣé ó kù? Ẹ fi líǹkì ránṣẹ́ kí aago méjìlá tó lù.