Kí ni "chip on your shoulder" gan-an?

ỌmọÌbàdàn_Leeds
Ẹ kú àárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́, tí òyìnbó bá ní èèyàn ní "a chip on his shoulder", kí ló ń bá wí? Kéà hóòmù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sáà bi mánéjà wa pé kí ló dé tó jẹ́ èmi ni wọ́n ń fi sí náìtì ní gbogbo wíkẹ́ńdì, ló bá ní mo ní chip on my shoulder. Ó ká mi lára gan-an ṣùgbọ́n mi ò mọ èsì tí mo máa fún un.

ÌyáÌbejì_Peckham
Pẹ̀lẹ́ àbúrò. Ohun tó ń sọ ni pé nǹkan kan ti ń dùn ẹ́ látijọ́, bóyá wọ́n rẹ́ ẹ jẹ tàbí o gbà pé wọ́n ń fojú kéré ẹ, o wá ń gbé ìkanra ẹ̀ kiri débi pé ẹni tó kí ẹ lásán o máa rò pé ó ń bú ẹ. Ẹni tó bínú lónìí tínú ẹ̀ sì rọ̀ lọ́la, wọn kì í sọ ọ́ sí irú ẹni yẹn, tiẹ̀ làwọn ará London ń pè ní "he's got the hump". Chip yìí, ìwà èèyàn ló ń bá wí. Wọ́n sì máa ń fi ohun tó fà á kún un, bíi "he's got a chip on his shoulder about not going to university".

Ìdí tó fi yẹ kó ká ẹ lára nìyẹn. Ọ̀rọ̀ rótà, ìyẹn ètò ẹni tó máa ṣiṣẹ́ nígbà wo, lo bá a sọ, òun wá yí i sí ọ̀rọ̀ ìwà ẹ, wọ́n sì máa ń ṣe é fún àwa adúláwọ̀ níbí tá a bá ti fẹjọ́ sùn. Má bá a jà. Fi íméèlì kọ ọ́, to gbogbo déètì tí wọ́n fi ẹ́ sí náìtì sínú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n_Houston
Òótọ́ lẹ sọ mà. Amẹ́ríkà níbí ló ti wá, ìwé ìròyìn kan ní Long Island kọ ọ́ lọ́dún 1830 pé táwọn ọmọkùnrin méjì bá fẹ́ jà, ọ̀kan á gbé ẹ̀rún igi lé èjìká, á ní kẹ́nì kejì gbá a dànù tó bá tó bẹ́ẹ̀, bí àwa náà ṣe máa ń kó yẹ̀pẹ̀ jọ tá a ní ọmú ìyá ẹ rèé, kó o tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n nínú eré ìdárayá níbí, ìyìn ni wọ́n ń fi ṣe o. Tom Brady tó gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ipò 199 ni wọ́n tó mú un nígbà tí NFL, líìgì bọ́ọ̀lù yẹn, ń yan àwọn agbábọ́ọ̀lù tuntun ní 2000, wọ́n ní chip yẹn ló ń tì í ṣiṣẹ́.

ỌmọÌbàdàn_Leeds
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n. Rótà wà lórí fóònù mi, mo ti ń kọ déètì yẹn jáde. Ṣé kí n fi ọ̀rọ̀ tó sọ sí mi yẹn náà sínú íméèlì?

ÌyáÌbejì_Peckham
Fi sí i, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, àti ọjọ́ tó sọ ọ́.